Ilé Ìkẹyìn ní Ẹnu Odò

Ẹ̀yin ọmọ, láti àárọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ìró fóònù yín. Ẹnì kan kò tíì jókòó tán nínú bọ́ọ̀sì tó ti ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ pé òun ti ń kúrò ní Igbókòdá. Kò pẹ́, ẹlòmíràn pè pé òun ti dé Àkúrẹ́ láyọ̀. N kò bá yín wí o. Ó máa ń dùn mọ́ mi nínú. Ó kàn jẹ́ pé bí fóònù yẹn bá ti dún báyìí, ọ̀dọ̀ Yèyé Ẹnu-Odò ni ọkàn mi máa ń lọ. Kí wọ́n tó ri òpó fóònù mọ́lẹ̀ ní etí òkun wa, Yèyé ni fóònù wa.

Díẹ̀ nínú yín ló mọ̀ wọ́n, ẹ̀yin náà kò sì mọ̀ wọ́n ju arúgbó tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mi ní Igbókòdá, tó ń dá ọlọ́kadà dúró. Ẹ máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà máa ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹ mọ ohun tí wọ́n ń wá lẹ́nu àwọn ọlọ́kadà yẹn, pàápàá ẹ̀yin ọmọ Dàpọ̀, nítorí pé bàbá yín kò ní sọ ọ́ fún yín láé.

Yèyé Ẹnu-Odò jẹ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ ìyá kan náà. Wọ́n ní orúkọ tiwọn, àmọ́ bàbá mi nìkan ló ń pè é, ìyẹn náà bí ìjà bá dé. Ilé wa nígbà náà wà láàárín Mólútẹ́hìn àti Awóyè. Kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí ọkọ̀ bá gbé yín débẹ̀ lónìí, òkun ni ẹ máa bá. Orí òpó igi la kọ́ ilé sí, ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì odò kan tó ń ṣàn lọ sínú òkun. Pákó ni ilẹ̀ ilé, pákó ni ògiri, pákó náà ni afárá tí a ń gbà láti ilé kan dé èkejì. Bí ọmọdé bá ń sáré lórí afárá, àwọn tó wà nínú ilé á mọ ọmọ ẹni tó ń sáré láì yọjú, nítorí pé ẹsẹ̀ kálukú ní bó ṣe ń dún lórí pákó.

Ilé Yèyé ló kẹ́yìn. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ilé mọ́. Iwájú rẹ̀ gan-an ni odò ti pín: ọ̀nà kan lọ tààrà sínú òkun, ọ̀kan yà sí ọwọ́ ọ̀tún lọ sí apá Mólútẹ́hìn, ọ̀kan yà sí ọwọ́ òsì. Kò sí ẹni tó lè jáde nílé wa láì kọjá níwájú pẹpẹ tí Yèyé ti ń yan ẹja.

Ẹni tó bá ń gbé ilé ìkẹyìn yìí ní iṣẹ́ kan. N kò mọ ẹni tó dá a sílẹ̀. Ìyàwó ilé náà ló máa ń ṣe é. Ìyá ọkọ Yèyé ló ń ṣe é tẹ́lẹ̀; nígbà tí ojú arúgbó náà kò ríran dáadáa mọ́, ó fi í lé Yèyé lọ́wọ́. Ọkọ̀ tó bá ń jáde gbọ́dọ̀ dúró níwájú ilé náà, kí ẹni tó wà nínú rẹ̀ sọ orúkọ ara rẹ̀, kó sọ ẹni tó bá a lọ, kó sì sọ ọ̀nà tó fẹ́ gbà. Bó bá padà, á ké pé òun ti dé. Yèyé kò kọ ọ́ síbì kan; orí wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí ìrọ̀lẹ́ bá lẹ́ tí ẹnì kan kò tíì wọlé, wọn á rán àwọn ọkùnrin lọ wá a, wọn á sì sọ ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Òkun fẹ̀. Ẹni tí kò mọ ibi tí èèyàn rẹ̀ gbà, níbo ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀?

Mo ṣì ń gbọ́ ọ létí mi. Ìdájí ni, ìkùukùu bo omi. Èèyàn kò ní rí ọkọ̀. Ìró àjẹ̀ tó ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ nìkan ló máa gbọ́, kó, kó, kó. Yèyé á gbé orí sókè nídìí iná.

“Ta nìyẹn?”

“Èmi ni, Yèyé.”

“Èmi kì í ṣe orúkọ. Ìyá rẹ kò sọ ọ́ ní Èmi.”

“Ọmọ́tóṣọ̀ ni o. Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n lọ kí oòrùn tó yọ.”

“Oòrùn kò tíì jí. Ta ló wà pẹ̀lú rẹ?”

“Ìyàwó mi ni.”

“Ìyàwó wo?”

Obìnrin inú ọkọ̀ á bú sẹ́rìn-ín. “Èmi tí mo lè wa ọkọ̀ ni, Yèyé. Èyí tó ń sùn wà nílé.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà wo?”

“Òkun ni. Wọ́n ní ẹja ṣàwá ti dé.”

“Mo gbọ́ o. Iná wà nílẹ̀ dè yín.”

Bí wọ́n ṣe máa ń dá gbogbo èèyàn lóhùn nìyẹn, ọmọdé àti àgbà, ẹni tí wọ́n fẹ́ràn àti ẹni tí wọn kò fẹ́ rí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Iná ìyan-ẹja yẹn, Yèyé kì í da eérú bò ó títí ọkọ̀ tó kẹ́yìn fi wọlé. Lásìkò òjò, igi á tutù, èéfín á máa ta wọ́n lójú, wọn á máa bú igi, wọn á máa bú òjò, wọn á tún bú ẹni tó pẹ́ lórí omi, ṣùgbọ́n iná kò ní kú. Àwọn tó ń bọ̀ láti òkun máa ń sọ pé àwọn á ti gbóòórùn èéfín náà kí àwọn tó rí ilé.

Ohùn Yèyé ga, ó sì mọ́. Ó lè ti orí pẹpẹ bá ẹni tó ń dẹ ìgèrè ẹja nínú igbó ẹ̀gbà, àwọn igi tó ń ta gbòǹgbò sínú omi, ní òdìkejì, kí onítọ̀hún sì rò pé ẹ̀yìn òun ni wọ́n wà. Èmi ní tèmi, ẹ mọ̀ mí. Yèyé máa ń sọ pé ohùn mi kò lè kọjá etí àwo. Olóhùn-ẹ̀fọn ni wọ́n ń pè mí. “Olóhùn-ẹ̀fọn, bó bá jẹ́ ìwọ ló ń dá wọn lóhùn níbí, wọ́n á kàn máa gbá etí ara wọn.”

Nígbà tí mo ṣe tán ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Igbókòdá, tí mo ń retí iṣẹ́ tí kò dé, bàbá mi ní kí n lọ máa ran Yèyé lọ́wọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀. Àárọ̀, a ó la igi, a ó to ẹja sórí pẹpẹ, orí ẹja kọjú síbì kan náà, nítorí pé Yèyé kò lè fara da ẹja tó kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọ̀sán, a ó jókòó hun ẹní. A máa ń jẹ púpurú pẹ̀lú ọbẹ̀ àrọ̀ tútù, àrọ̀ tí wọ́n mú lábẹ́ ilé gan-an. Bí òùngbẹ bá gbẹ ọ́, ìwọ á na igbá sísàlẹ̀ láti orí pẹpẹ, wàá bu omi odò, wàá mu. Ẹ̀yin tí ẹ ń mu omi inú ọ̀rá, ẹ kò ní gbà á gbọ́. Ó dùn.

Ọdún Kérésìmesì ni ìgbà tí Yèyé máa ń dà bí ọmọdé. Àwọn obìnrin odò wa máa ń figa gbága pẹ̀lú àwọn obìnrin odò kejì, ọkọ̀ gígùn kan fún wa, ọ̀kan fún wọn, gbogbo èèyàn á tò sórí afárá. Yèyé ló ń tukọ̀ tiwa. Mo rántí ọdún kan tí a ti ṣíwájú wọn dáadáa. Obìnrin kan nínú ọkọ̀ kejì kígbe pé arúgbó tó yẹ kó máa jẹ ẹ̀kọ gbígbóná nílé ni wọ́n fi sídìí ọkọ̀. Ó yẹ kí Yèyé máa tukọ̀ lọ. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n dìde dúró, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní kí àwọn kọ́kọ́ fún un lésì. Ibi tí wọ́n ti ń nawọ́ sí i ni ọkọ̀ ti yí dànù, gbogbo wa sì bọ́ sódò. Gèlè Yèyé léfòó, a kò rí orí. Bàbá mi ti ń bọ́ ẹ̀wù. Lẹ́yìn náà ni Yèyé yọ, wọ́n tu omi dànù lẹ́nu, wọ́n wo gbogbo àwọn tó wà lórí afárá. “Ta ló ń rẹ́rìn-ín?” Kò sí ẹni tí kò rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ni àwọn elépo rọ̀bì dé. Iná wọn la kọ́kọ́ rí, lórí òkun níwájú, iná gáàsì tí kì í kú tọ̀sán-tòru. Nígbà tí Yèyé kọ́kọ́ rí i, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, “Ta ni àwọn yẹn ń retí?”

Nígbà tó yá, wọ́n gbé ẹ̀rọ ńlá kan wá, wọ́n fi gbẹ́ kànáàlì láti inú òkun wọ inú igbó ẹ̀gbà, kí ọkọ̀ wọn lè máa ríbi gbà. Ọ̀nà ọwọ́ òsì níwájú ilé Yèyé lọ já sínú kànáàlì náà. Omi òkun gba ibẹ̀ wọlé. Díẹ̀díẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kan, Yèyé bu omi, wọ́n tu ú dànù, wọ́n wò mí bíi pé èmi ni mo fi iyọ̀ sí i. Koríko tí a fi ń hun ẹní bẹ̀rẹ̀ sí í rà. Orí àwọn igi ògùrọ̀ ń já lulẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àrọ̀ kò sí lábẹ́ ilé mọ́. A wá ń fi ọkọ̀ lọ gbé omi mímu wá láti Igbókòdá, àwa tí a ń sùn lórí omi.

N kò fẹ́ parọ́ fún yín pé gbogbo ohun tó bá wọn dé ló burú. Àwọn ọ̀dọ́ ríṣẹ́ nínú ọkọ̀ àwọn elépo, wọ́n sì fi ra ẹ̀ńjìnnì. Ìyàwó Ọmọ́tóṣọ̀, èyí tó ń sùn nílé, ẹ̀ńjìnnì ló gbé e dé ọsibítù Igbókòdá lọ́jọ́ tó ń rọbí tí ọmọ dábùú. Ó yè, ọmọ rẹ̀ sì yè. Bó bá jẹ́ àjẹ̀ la fi wa ọkọ̀ lọ, à bá ti pàdánù wọn. Yèyé fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀.

Ohun tí Yèyé kò fẹ́ ni pé ẹ̀ńjìnnì kì í dúró. Ọmọ tó ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lánàá, tó máa ń dúró dáhùn, bó bá ti ní ẹ̀ńjìnnì, á kàn juwọ́, á sì fò kọjá. Yèyé á ké, “Ọ̀nà wo?” Ẹ̀ńjìnnì á bo ohùn wọn. Ohùn tó ń dé igbó ẹ̀gbà kò dé etí ẹni tó wà níwájú wọn mọ́. Àwọn ọ̀dọ́ wá sọ wọ́n ní Kọ́sítọ́ọ̀mù. “Ẹ kú iṣẹ́ o, Kọ́sítọ́ọ̀mù!” Yèyé á ní, “Kọ́sítọ́ọ̀mù ìyá rẹ!” wọn á sì rẹ́rìn-ín, nítorí pé Yèyé fẹ́ràn èébú bí wọ́n ṣe fẹ́ràn iyọ̀ lọ́bẹ̀.

Nínú gbogbo wọn, àbúrò mi Dàpọ̀ ló yára jù. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà náà, ó ń bá àwọn elépo kó ẹrù. Lọ́jọ́ kan, ó fi eré kọjá níwájú ilé, ìgbì ọkọ̀ rẹ̀ kọlu òpó, pẹpẹ mì, ẹja tí èmi àti Yèyé ti ń yan láti àná sì dà sódò. Yèyé pè é. Ó gbọ́, ó yí ọkọ̀ padà, ó wá dúró sísàlẹ̀. Mo rò pé ó fẹ́ bẹ̀ wọ́n ni.

“Dàpọ̀, ṣé o rí ohun tí o ṣe?”

“Yèyé, ẹ má bínú. Ẹ gbé pẹpẹ yín sẹ́yìn díẹ̀.”

“Kí n gbé pẹpẹ sẹ́yìn? Ìwọ ni kí o dúró! Gbogbo èèyàn ń dúró. Bàbá rẹ ń dúró.”

“Ìgbà yẹn ti lọ, Yèyé. Èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́ tó máa jábọ̀ fún obìnrin kó tó jáde nílé.”

Mo wo Yèyé, mo ń retí kí èébú bẹ̀rẹ̀. Ẹnu yẹn, tí n kò rí kó pa mọ́ rí, pa mọ́. Wọ́n wò ó bíi pé wọ́n ti rí ẹni náà níbì kan tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní, “Máa lọ.” Láti ọjọ́ yẹn, bí Dàpọ̀ bá ti ń bọ̀, Yèyé á kọ ẹ̀yìn sí odò títí á fi kọjá.

Ìyá mi ló là mí lóye. A jọ ń ṣa èdé ni, èmi àti ìyá mi, mo sì bi wọ́n pé kí ló dé tí Yèyé kò bú Dàpọ̀. Ìyá mi ní, “Ohun tó sọ yẹn ni ọkọ wọn sọ.” Àṣé nígbà tí Yèyé ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun ní ẹnu odò, ọkọ wọn ń jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan, Yèyé sì bi í bí wọ́n ti ń bi gbogbo èèyàn: ọ̀nà wo? Àwọn ọ̀rẹ́ ọkùnrin náà wà nítòsí. Ojú tì í. Ó ní òun kò lè máa jábọ̀ fún ìyàwó tí òun fi ọwọ́ ara òun gbé wálé. Ó wa ọkọ̀ lọ. Kò padà. Ọ̀nà Mólútẹ́hìn ni wọ́n ti wá a, nítorí pé ibẹ̀ ló sábà máa ń lọ. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ti padà rí ọkọ̀ rẹ̀, ọkọ̀ nìkan, nígbà tó ti pẹ́ jù. “Yèyé kò gbọ́ ìgbà tó yà,” ni ìyá mi wí. “Wọ́n ń sunkún, wọn kò gbọ́.”

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ fún yín bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Dàpọ̀ nìkan ló wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ láàárọ̀. Ó kọjá. Yèyé kọ ẹ̀yìn sí i, wọ́n ń fẹ́ iná. Èmi náà kò wo ibi tó yà sí, nítorí pé èéfín wọ̀ mí lójú. Lẹ́yìn ọ̀sán, ojú ọ̀run ṣú láti orí òkun, ìjì dé, ó jà débi pé a di òpó ilé mú. Nígbà tó rọlẹ̀, àwọn ọkọ̀ ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. “A ti dé o!” “Ẹ kú ewu.” “A ti dé o!” “Ẹ kú ewu.” Nígbà tó yá, kò sí ọkọ̀ tó ń bọ̀ mọ́.

Mo gbọ́ ẹsẹ̀ ìyá mi lórí afárá. Bàbá mi tẹ̀ lé wọn, àwọn ọkùnrin mìíràn sì tẹ̀ lé bàbá mi. Gbogbo wọn wá dúró sórí pẹpẹ Yèyé.

Bàbá mi ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, Dàpọ̀ kò tíì dé. Ọ̀nà wo ló gbà?”

Yèyé ń wo iná. “Kò sọ fún mi.”

Ìyá mi ká ọwọ́ lérí. Ọmọ́tóṣọ̀ ní kí wọ́n má wulẹ̀ fi àkókò ṣòfò, òkun ni àwọn ọmọ yìí ń lọ, ibi tí iná gáàsì wà. Wọ́n ti ń tú okùn ọkọ̀. Yèyé wá dìde.

“Ẹ dúró níbẹ̀. Mo ní kò sọ fún mi. N kò ní n kò mọ̀.”

Gbogbo èèyàn yíjú sí wọn.

“Ẹ̀yìn ni mo kọ sí i. N kò kọ etí sí i. Ọwọ́ òsì ló yà. Ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ wúkọ́ níbi tí omi kò ti jìn, ó gbé e sókè, ó tún tẹ̀ ẹ́ bọmi. Nígbà tó wọ kànáàlì, ohùn rẹ̀ yí padà bíi ti ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú ìkòkò. Kànáàlì ló wà.” Wọ́n mú àjẹ̀ wọn lára ògiri, wọ́n sì kọjú sí ìyá mi. “Ìyàwó, má jẹ́ kí iná yìí kú. Olóhùn-ẹ̀fọn, mú igbá ìgbọ́nmi, jẹ́ ká lọ.”

“Yèyé, ẹ jókòó sílé,” ni Ọmọ́tóṣọ̀ wí.

“Ilé wo? Yàgò lọ́nà.”

Ọkọ̀ ẹ̀ńjìnnì Ọmọ́tóṣọ̀ la wọ̀. A fi eré wọ kànáàlì. Òjò ṣì ń sẹ̀, omi òkun ń wọlé, ó sì ti ń gun gbòǹgbò igi ẹ̀gbà. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní àwọn ojú omi kéékèèké tó wọ inú igbó, gbogbo wọn sì jọra. Bàbá mi ń pe Dàpọ̀. Àwọn ọkùnrin ń pè é. A lọ, a bọ̀, a kò rí nǹkan kan. Lójijì, Yèyé fi ìdí àjẹ̀ gbá orí ẹ̀ńjìnnì.

“Pa nǹkan yìí!”

“Yèyé, ilẹ̀ ń lọ, ẹ jẹ́ ká sáré.”

“O fẹ́ sáré lọ síbo? Bó bá ń pè wá ńkọ́? Ta ló máa gbọ́ ọ nínú ariwo yìí? Pa á!”

Ọmọ́tóṣọ̀ pa á. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó tẹ̀ lé e, mo ṣì lè gbọ́ ọ. Omi ń kán lára ewé. Akàn ń ha gbòǹgbò igi. Yèyé ki àjẹ̀ bọ omi, bàbá mi mú ọ̀kan, a rọra ń lọ. Yèyé á ké orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, “Dàpọ̀ o!” ohùn yẹn á lọ, á lọ, á kọlu igbó, á padà. Lẹ́yìn náà, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè kí ẹnikẹ́ni má mí. A ó fetí sílẹ̀. Kò sí. A ó tún wa ọkọ̀ lọ síwájú.

Ibi ojú omi kan báyìí, Yèyé gbé ọwọ́ sókè, wọn kò sì gbé e sílẹ̀. Èmi kò gbọ́ nǹkan kan. Bàbá mi kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ, ó jìnnà, kò lágbára: kó. Kó. Kó. Bí ìró àjẹ̀ tó ń kan ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.

Kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi ni ọkọ̀ Dàpọ̀ kọlù nínú ìjì, tó fi dojú dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan há sáàárín gbòǹgbò ẹ̀gbà, ó ti kán. Omi ti dé àyà rẹ̀, ó sì ń gòkè sí i. Ó ti ké títí ohùn fi tán lẹ́nu rẹ̀. Ó gbọ́ wa nígbà tí a fi ẹ̀ńjìnnì kọjá níwájú ibẹ̀, ó gbọ́ bí a ṣe lọ, ó gbọ́ bí a ṣe bọ̀. Igi kan tó léfòó ló mú, tó fi ń kan ìdí ọkọ̀ tó dojú dé.

Bàbá mi àti Ọmọ́tóṣọ̀ bọ́ sómi, wọ́n tú ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gbé e wọnú ọkọ̀. Ó ń gbọ̀n. Yèyé tú aṣọ àwọ̀lékè wọn, wọ́n fi wé e, wọ́n gbé orí rẹ̀ lé ẹsẹ̀ wọn. Mo rí i pé omijé ń bọ́ lójú wọn, ṣùgbọ́n ohùn wọn kò yí padà.

“Dàpọ̀. Ọ̀nà wo lo ní ò ń gbà?”

Bàbá yín bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ohùn kò jáde, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ń mì. “Ilé, Yèyé. Ilé ni mò ń lọ.”

“Mo gbọ́ o,” ni Yèyé wí. “Iná wà nílẹ̀ dè ẹ́.”

Ó sì wà nílẹ̀. Ìyá mi ti kó gbogbo igi ilé sí i. A rí i láti òkèèrè. Ibi tí bàbá yín ti ń tiro nìyẹn, ẹ̀yin tí ó sọ fún pé bọ́ọ̀lù ló gbá.

Láti ọjọ́ yẹn, gbogbo ẹ̀ńjìnnì ń rọlẹ̀ níwájú ilé Yèyé. Dàpọ̀ kì í rọlẹ̀ lásán, ó máa ń pa tirẹ̀, á dìde dúró, á sọ orúkọ ara rẹ̀ àti orúkọ bàbá rẹ̀, àní bó bá jẹ́ iyọ̀ ló fẹ́ lọ rà. Yèyé á ní, “Ó tó, ó tó, ta ló bi ọ́ léèrè bàbá rẹ?” Ṣùgbọ́n ẹ̀rín máa ń wà létè wọn.

Òkun kò dúró ní tirẹ̀. Ìyanrìn etíkun ń lọ ní gbogbo ìgbà òjò. Àwọn ará ilé wa ń tú pákó ilé wọn, wọ́n ń fi ọkọ̀ kó o lọ sí òkè odò, wọ́n ń tò ó níbẹ̀ padà. Ẹ kò rí irú rẹ̀ rí, kí ilé kan máa kọjá lọ lórí omi, ilẹ̀kùn rẹ̀ níwájú, òrùlé rẹ̀ lẹ́yìn. Nígbà tó yá, àyè tó wà láàárín ilé Yèyé àti ilé tó tẹ̀ lé e fẹ̀ débi pé afárá kò so wọ́n pọ̀ mọ́. Bàbá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n ní, “Bí mo bá sún sẹ́yìn, ta ló wà ní ẹnu odò?” Ọjọ́ kan tí èmi àti Yèyé lọ sọ́jà, ìgbì gbé pẹpẹ lọ, ó gbé iná lọ. Ìgbà tí a dé, Yèyé jókòó sínú ọkọ̀, wọ́n ń wo ibẹ̀. Wọn kò bú òkun. Yàtọ̀ sí ti Dàpọ̀ lọ́jọ́ ẹja yẹn, n kò tíì rí ohun tí Yèyé kò bú rí.

Mo ti ní ọkọ ní Igbókòdá nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ni Yèyé wá ń gbé. Wọ́n ní kí a gbé àga fún àwọn síta, létí títì. Ọlọ́kadà tó bá kọjá, “Ta lo gbé? Ọ̀nà wo?” Àwọn ọlọ́kadà á ní, “Màmá, ṣé ẹ máa gùn ún ni?” “N kò gùn ún! Mo ní ọ̀nà wo?” Wọ́n á sáré kọjá. Ọ̀kan ṣoṣo, ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó máa ń wọ fìlà pupa, bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn. Á rọ ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀, á ní, “Jẹ́tì ni, Màmá! Olùkọ́ kan ni mo gbé!” Yèyé á fẹ̀yìn ti àga. “Mo gbọ́ o.” Nírọ̀lẹ́, wọn kò ní jẹ́ kí a pa iná èédú ìdáná títí gbogbo ará ilé fi wọlé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kùn nígbà yẹn pé Yèyé ń fi èédú ṣòfò, ohun tí wọ́n ń ṣe nìyẹn.

Ọ̀sán ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, wọ́n dùbúlẹ̀, wọ́n pè mí. Ohùn wọn ti kéré, ó wá dà bíi tèmi.

“Ta ni kò tíì wọlé?”

Mo ro ó dáadáa kí n tó dáhùn. “Gbogbo wa la ti wọlé, Yèyé.”

“Dàpọ̀ ńkọ́?”

“Ó wà ní pálọ̀.”

Wọ́n mí sísàlẹ̀. “Da eérú bo iná.”

Mo lọ bò ó. Ìgbà tí mo padà dé, wọ́n ti lọ.

Òkè odò, ibi tí àwọn ará ilé wa sún sí, la ní kí a sin wọ́n sí. A gbé wọn sínú ọkọ̀ ní jẹ́tì Igbókòdá, Dàpọ̀ ló ń tukọ̀. A dé ibi tó yẹ kó gúnlẹ̀. Àwọn èèyàn ti tò sí ebúté, wọ́n ń dúró dè wá. Dàpọ̀ kò gúnlẹ̀. Ó kọjá níwájú wọn, wọ́n ń pè é, ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ẹnu odò. Kò sí ẹnì kankan nínú ọkọ̀ tó bi í léèrè. Nígbà tó dé ibẹ̀, òkun nìkan ló wà, àti orí òpó mélòó kan tí ẹyẹ bà lé. Ó pa ẹ̀ńjìnnì. Ó fi ẹsẹ̀ tó ń tiro yẹn dìde dúró, ó ṣí fìlà.

“Dàpọ̀ ni o! Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà pẹ̀lú mi, àti àwọn ará ilé. Yèyé Ẹnu-Odò wà nínú ọkọ̀. Òkè odò la gbà. À ń gbé wọn lọ sílé.”

Omi ń lu ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Ó dúró, kò jókòó. Gbogbo wa dúró. A ń retí, bẹ́ẹ̀ a mọ̀ pé ẹni tó ń dáhùn níbẹ̀ ni a gbé sáàárín ọkọ̀ yẹn. Mo rí i pé Dàpọ̀ kò ní lè tan ẹ̀ńjìnnì, kò sì ní lè jókòó. Mo dìde.

“Mo gbọ́ o!” ni mo wí. “Iná wà nílẹ̀ dè yín!”

Ohùn ẹ̀fọn mi náà ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹ̀ńjìnnì kan tó lè bò ó níbẹ̀, ó sì lọ jìnnà lórí omi. Dàpọ̀ dé fìlà rẹ̀. Kò tan ẹ̀ńjìnnì mọ́. Ó fa àjẹ̀ Yèyé yọ lábẹ́ ìjókòó, ó yí orí ọkọ̀ padà, a sì rọra ń gbé wọn lọ, kó, kó, kó, títí a fi dé òkè odò.